"Èmi Ni Màá Wọ̀ Ọ́!": Aago Àgbà àti Aago Ọmọdé Nínú Ilé Kan Náà

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn òbí sọ, tí mo wá jókòó kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún torí ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ti jókòó ni ọmọ á figbe ta, mo kí yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọmọ kan bá ń sáré kiri inú gbọ̀ngàn yìí nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣẹ́jú sí i. Torí tirẹ̀ la ṣe pàdé.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọjọ́ ṣe ń lọ nínú ilé tí ọmọ kékeré wà. Mo ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, mo sì rò pé mo mọ ọmọdé. Ìgbà tí èmi náà bímọ ni mo tó rí i pé ọmọ ilé-ìwé ni mo mọ̀, mi ò mọ ọmọ ilé. Ti ilé-ìwé, bí aago bá lù, wọ́n á wá mú un lọ. Tilé kì í lọ ibì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí bàtà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a fẹ́ jáde. Mo ti wọṣọ tán, báàgì wà léjìká mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Àbíkẹ́yìn mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ nígbà náà, jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ó mú tòsì, ó yí i wò, ó kì í bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ò wọlé. Ó bọ́ ọ. Ó dojú bàtà náà délẹ̀, ó ń wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù, ó rí òkúta kékeré kan tó há síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná yọ ọ́. Èmi ń wo aago. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, mo dè é pa. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó bú sẹ́kún, ó fa bàtà méjèèjì yọ, ó jù wọ́n sápá ibòmíràn, ó ní: "Èmi! Èmi ni màá wọ̀ ọ́!" Kí a tó jáde nílé lọ́jọ́ náà, ogún ìṣẹ́jú ti lọ, èjìká aṣọ mi ti rin fún omijé. Òun náà ló sì padà wọ bàtà ọ̀hún, tòsì ní ọ̀tún, tọ̀tún ní òsì, ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, inú rẹ̀ dùn.

Ká ní mo ti fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún látìbẹ̀rẹ̀, ǹ bá ti jèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣirò yẹn rọrùn. Èyí tó gbà mí lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé ọmọ yìí wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo rí bí ìdádúró ni òun rí bí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kíyè sí àwọn ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa, tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí mìíràn nípa tiwọn. Ó yà mí lẹ́nu bí ìjà ìwà ṣe kéré nínú wọn tó. Ìjà aago ló pọ̀ jù. Àgbà ní aago tirẹ̀, ọmọdé ní tirẹ̀, wọ́n sì jọ ń gbé ilé kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lórí ọmọ tó ń pariwo "èmi" yìí. Àwọn onímọ̀ ní ìdánwò kan tí wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á fi àmì pupa sí imú ọmọ láìjẹ́ kó mọ̀, wọ́n á wá gbé e síwájú jígí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan á máa rẹ́rìn-ín sí ọmọ inú jígí, á máa gbá a lọ́wọ́ bí ẹni pé àlejò ló wá kí i. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù 18 sí oṣù 24 kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbé ọwọ́ lọ sí imú ara wọn. Ọmọ tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tó ń jẹ́ "èmi". Sáà yẹn kan náà ni "tèmi ni" àti "mi ò ṣe" máa ń kó ẹrù wọn wọlé. A máa ń pè é ní oríkunkun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ara rẹ̀ ló ń kéde pé òun ti dé.

Ohun tó mú un le ni pé kò tíì ní bíréèkì. Apá iwájú ọpọlọ, ibi tí "dúró ná" àti "fara balẹ̀" ti ń wá, ló ń pẹ́ jù lọ kó tó gbó. Kì í parí ìdàgbàsókè rẹ̀ títí ènìyàn fi lé lógún ọdún dáadáa. Torí náà, bí a bá sọ fún ọmọ ọdún méjì tó ti dùbúlẹ̀ tó ń yí gbiiri pé kó ronú sí ìwà rẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó là ń bi í léèrè. Ọwọ́ ọmọdé ò sì tó pẹpẹ. Mo ti gbìyànjú ìwàásù nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kò ṣiṣẹ́ rí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nílé tiwa kò lẹ́wà láti sọ lórí pèpéle: mo máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀, màá sì máa mí sókè mí sísàlẹ̀ títí ẹkún náà á fi wálẹ̀. Nígbà mìíràn ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ mi á ti kú.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa mẹ́nu bà níbi tí àwọn bàbá bá wà. Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀, bí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin lọ́dún 1839. Ojú tó fi ń wo ẹyẹ àti kòkòrò ló fi wo ọmọ náà. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ohun tó dẹ́rù bà á, ohun tó bí i nínú. Ó kọ ọ́ pé gẹ́lẹ́ tó pé ọdún kan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún oúnjẹ, "mum". Ọdún 1877, nígbà tí ọmọ náà ti di géńdé, ni bàbá tó tẹ àkọsílẹ̀ yìí jáde.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni ti ṣúgà. Ọmọ náà ti lé ní ọdún méjì àbọ̀. Bàbá pàdé rẹ̀ bó ṣe ń jáde ní yàrá ìjẹun, ojú rẹ̀ ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìṣesí rẹ̀ sì yí padà. Ó ti lọ bu ṣúgà tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún ko ara wọn níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ ti ká aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ pọ̀ dáadáa, ó ń wò ó tìfura-tìfura, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì ń pàṣẹ fún bàbá pé kó máa lọ. Bàbá tú aṣọ wò, àbàwọ́n ló wà lára rẹ̀. Darwin kò fi bò pé ẹ̀tàn tí ọmọ náà fara balẹ̀ ṣètò ni. Ó wá fi kún un pé inú rere ọmọ náà nìkan ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀ bí àwọn ṣe ń tọ́ ọ, kò sì pẹ́ tó fi di ọmọ tó ń sọ òtítọ́, tí ọkàn rẹ̀ rọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ìyá ń rò. Ẹni tó ní alágbàtọ́ àti ìránṣẹ́ nínú ilé ráyè mú gègé. Òótọ́ ni, Darwin ní wọn. Ṣùgbọ́n kó tó lè sọ pé ojú ọmọ ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní láti ti mọ bí ojú náà ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Ìránṣẹ́ ò lè bá a mọ ìyẹn.

Ó yẹ kí n dé orí ọ̀rọ̀ sísọ, torí òun ni àwọn òbí ń béèrè lọ́wọ́ mi jù. "Ọmọ mi ò tíì sọ̀rọ̀, ìwé wo ni kí n rà fún un?" Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Deb Roy, tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì MIT, gbé kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí àjà gbogbo yàrá ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí ọmọkùnrin rẹ̀. Fídíò tí wọ́n gbà fún bí ọdún mẹ́ta tó wákàtí 90,000. (Ìyàwó mi ní bí mo bá dán irú rẹ̀ wò, kí èmi àti kámẹ́rà máa gbé pọ̀.) Nínú àwọn àkọsílẹ̀ náà, a lè gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń pe omi. "Gaga" ló kọ́kọ́ ń pè é. Ó lo nǹkan bí ìdajì ọdún kó tó di "water" lẹ́nu rẹ̀ tààrà.

Ohun méjì tí wọ́n rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Àkọ́kọ́, bí ọmọ ṣe ń sún mọ́ àtipe ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni bàbá, ìyá àti olùtọ́jú rẹ̀ ń gé gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ kúrú. Bí ó ti wá pè é tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbólóhùn gígùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Èkejì, nígbà tí wọ́n wo ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń jáde jù nínú ilé, "omi" wà ní ilé ìdáná, "ó dàbọ̀" wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ ní yàrá tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí mo ti ń kánjú wọ bàtà fún ọmọ mi, kíláàsì ni.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dárúkọ ìwé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìbéèrè tí mo máa ń dá padà ni pé ta ló ń wẹ ọmọ náà. Ní ibi ìwẹ̀, ọmọ ò lè sá, ìwọ náà ò lè sá. Nílé wa, bó ṣe ń lọ nìyí. Màá ní, "A ti fọ apá kan. Ó ku èwo?" Á na ẹsẹ̀. Màá ní, "Ẹsẹ̀ nìyẹn. Apá kejì dà?" Á gbé apá kan náà tí a ti fọ̀ wá, á máa rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ wo iye nǹkan tó wà nínú eré kékeré yẹn: orúkọ ẹ̀yà ara, kíkà, àwàdà, àti sùúrù kí ẹnì kejì sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ pàápàá ń kópa. Ó pariwo, o dáhùn. Ó nawọ́ sí nǹkan, o wo ibi tó nawọ́ sí, o dárúkọ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù ló rí, ó jù ú sí ẹ, o jù ú padà.

Bí a kò bá wá jù ú padà ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1970, Edward Tronick, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn ìyá bá ìkókó wọn ṣeré dáadáa, kí wọ́n wá ṣàdédé jẹ́ kí ojú wọn gan, kí wọ́n máa wo ọmọ láìrẹ́rìn-ín, láìsọ̀rọ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Àwọn ọmọ náà ṣàkíyèsí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyá, wọ́n ju ọwọ́, wọ́n pariwo, gbogbo ohun tó máa ń mú ìyá dáhùn ni wọ́n dán wò. Nígbà tí kò sí èsì, wọ́n gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara wọn dẹ̀, àwọn kan sunkún.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Fóònù. Kì í ṣe pé mò ń bá ẹnikẹ́ni wí, torí àbúrò mi obìnrin ló ya fọ́tò èmi gan-an níbi tí ọmọ mi ti di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó ń fà á kúrò lójú fóònù. Mi ò mọ̀ pé ọmọ náà wà lẹ́sẹ̀ mi rárá. Mo ṣì ní fọ́tò náà, inú fóònù yẹn kan náà ló wà.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé. Lọ́dún 2006, Felix Warneken àti Michael Tomasello, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní Leipzig ní Jámánì, gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ oṣù 18. Àgbàlagbà kan tí wọn ò mọ̀ rí ń sá aṣọ, ohun tó fi ń há aṣọ mọ́ okùn já bọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tó o. Tàbí ó kó ẹrù dání, ó fẹ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kàn ń forí sọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò bẹ̀ wọ́n, kò ṣèlérí ẹ̀bùn. Nínú ọmọ 24, 22 ló dìde ràn án lọ́wọ́, ó kéré tán nínú ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ náà. Ọmọ oṣù méjìdínlógún! Àwọn tí ìrìn gan-an kò tíì dá lójú.

Bí a bá wá gbá ilé, tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá di ìgbálẹ̀ mú, kí la máa ń sọ? "Gbé e sílẹ̀, lọ ṣeré." Ó ní òun fẹ́ bá wa ká aṣọ, a ní ó ń dà á rú. Ó sì ń dà á rú lóòótọ́, mi ò ní parọ́. Aṣọ tí ọmọ ọdún méjì bá ká, ẹni tó bá rí i á rò pé màlúù ló sùn lé e. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, a ó pe ọmọ kan náà pé kó wá ká aṣọ, kò ní dìde, a ó sì máa ráhùn pé ọ̀lẹ ni. A gbàgbé pé ó ti béèrè iṣẹ́ rí, tí a ní kò sí ààyè. Nílé wa, mo wá iṣẹ́ tí kò lè bàjẹ́ fún un: òun ló ń kó ìbọ̀sẹ̀ ní méjì-méjì, òun ló ń gbé ṣíbí lọ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan o! Bí a bá jẹ́ márùn-ún, ìrìn-àjò márùn-ún ni láti ilé ìdáná dé tábìlì. Ẹni tí ebi bá ń pa kó má jókòó wò ó.

Níbi tí mo ti dárúkọ tábìlì: oúnjẹ. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, ó sábà máa ń wọ̀n ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wọ̀n nígbà tí wọ́n bí i. Ní ọdún kejì, nǹkan bíi kìlógíráàmù 2 sí 3 péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi kún un. Nítorí náà, ọmọ tó ń jẹun bí iná lánàá tó wá ń jẹ ẹnu mẹ́ta lónìí, tó sì ń ṣeré, tára rẹ̀ le, eré ìdàgbà rẹ̀ ló dín kù. Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, pín iṣẹ́ yìí lọ́nà tó parí ìjà lórí tábìlì wa: òbí ló ń pinnu ohun tí a ó jẹ, ìgbà tí a ó jẹ ẹ́ àti ibi tí a ó ti jẹ ẹ́, ọmọ ló ń pinnu bóyá òun á jẹ àti ìwọ̀n tí òun á jẹ. Oúnjẹ tuntun tí ọmọ tutọ́ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ má kọ̀wé fi lé e. Ó lè tó ìgbà mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó gbà á. Ti ṣíbí tó ń jù sílẹ̀, tí ẹ ń bá a mú, tó tún ń jù ú, Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé láti ilẹ̀ Switzerland, wo irú eré bẹ́ẹ̀ lára ọmọ tirẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì rí i pé ìwádìí ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí mo fi kún un ni pé ẹ̀yìn ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mú ṣíbí ló ń san owó ìwádìí náà.

Oorun wá ńkọ́? Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Nílé wa, ọmọ ò sùn, ìyá ò sùn, bàbá ń díbọ́n pé òun ti sùn. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2019 ni pé kí ọmọ ọdún kan sí méjì máa sùn fún wákàtí 11 sí 14 láàárín ọ̀sán àti òru, kí ti ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin máa sùn fún wákàtí 10 sí 13. Wọ́n ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, kí ti ọdún méjì sí mẹ́rin má kọjá wákàtí kan lóòjọ́. Iye wákàtí rọrùn láti kà. Bí a ṣe máa dé inú wákàtí náà ló le, torí ibẹ̀ gan-an ni aago méjèèjì ti ń kọlu ara wọn. Alẹ́ ti lẹ́, ó ti rẹ àgbà, ó fẹ́ kí ọjọ́ parí. Ọmọdé rí i pé bí òun bá sùn, àwọn ènìyàn yìí á máa gbé ayé lọ láìsí òun. Ni òùngbẹ bá bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni kí gbogbo alẹ́ jọ ara wọn: ìwẹ̀, ìfọyín, ìwé kan, iná pípa. Ìwé kan náà ni o, fún oṣù mẹ́rin. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tó rẹ̀ mí, mo fo ojú ewé kan, mo rò pé ó ti ń tòògbé. Ó gbé ọwọ́ lé ìwé náà, kò tilẹ̀ lajú dáadáa, ó ní: "Ajá dà?" Ojú ewé tí mo fò ni ajá wà. Mo padà sẹ́yìn, mo ka ajá. Àwa àgbà ń fẹ́ ohun tuntun. Ọmọ tí ohun gbogbo jẹ́ tuntun sí láti àárọ̀ ń wá ibi kan tí ajá máa wà níbi tó fi í sí lánàá.

Ibì kan wà tí mo ti gbà kí àgbà kánjú, kó sì fi ọwọ́ líle mú un, ìyẹn ni ti ewu. Omi gbígbóná kì í dúró de sùúrù. Bí omi bá jó ọmọ, ẹ gbé ibi tó jó náà sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, ẹ má fi òróró tàbí ohunkóhun pa á, ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì tó wà nínú rìmóòtù àti ohun ìṣeré lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ láàárín wákàtí méjì péré bó bá gbé e mì, torí náà ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Omi inú báfù tí kò ju ìka díẹ̀ lọ tó láti gbẹ̀mí ọmọ. Nílé wa, "rárá" tó pọ̀ nígbà kan ti dín kù sí ti àwọn nǹkan wọ̀nyí, mo sì ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tó ti dín kù ni ọmọ ti ń dúró bí mo bá sọ ọ́.

Ẹ má rò pé mo ti wá di ẹni mímọ́. Lóṣù tó kọjá, mò ń parí iṣẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ gbé ife omi wá fún mi, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, ó sì dà á sórí ìwé mi. Mo jágbe mọ́ ọn. Ó sá sẹ́yìn kọ́tìnì, ó sì fi kọ́tìnì bo ojú, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì hàn nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí àwọ̀ wọn ò bára mu, èyí tó fúnra rẹ̀ kó pọ̀ láàárọ̀. Mo wo ìbọ̀sẹ̀ yẹn títí. Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú kọ́tìnì, mo ní, "Má bínú. Mo jágbe mọ́ ẹ, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Omi lo gbé wá fún mi." Kọ́tìnì ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ó ti dà." Mo ní, "Ó ti dà." Ó ní, "Kí n gbé òmíràn wá?"

Ibẹ̀ ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, tí mo ní kí àwọn òbí máa béèrè ọ̀rọ̀. Ìyá kan dìde láàárín, ó ní: "Ẹ ṣeun sà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde nílé, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó dé, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́ ọmọ mi. Níbo ni kí n ti rí ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n á fi wọ bàtà?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi lọ, ó sì tọ́ sí i. Mo ní: "Mà, ẹ má wá a láàárọ̀. Láàárọ̀, ẹ wọ bàtà fún un, kó sunkún, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo lálẹ́ tẹ́ ò ní kánjú ṣe. Èwo lẹ fẹ́ mú?"

Ó ronú díẹ̀, ó ní ìwẹ̀. Mo ní ó dáa, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn, kí ọmọ máa fọ ara rẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, kẹ́ ẹ̀yin fọ ìyókù.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Omi tó máa dà kún gbogbo ilẹ̀ ńkọ́ sà?"

Mo ní kí wọ́n fún ọmọ ní aṣọ ìnulẹ̀.